Ẹni Tí Ó Ṣẹ́ Oyún àti Ẹni Tí Ó Sẹ́ Oyún

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìkàwé yunifásítì, tí ó sì bèèrè ìwé lórí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan àròkọ kan tí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Judith Jarvis Thomson, kọ ní 1971. Inú ẹ̀dà kìn-ín-ní ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Philosophy & Public Affairs ni ó ti jáde. Àròkọ náà kò gùn, ogún ojú ìwé péré ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwọn olùkọ́ filọ́sọ́fì ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀tá rẹ̀ sì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Thomson kú ní 2020, àròkọ rẹ̀ kò kú. Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé Ẹgbẹ́ wa yìí bí a ti í yẹ ìtàn tàbí eré wò, nítorí pé ìtàn ni ó fi kó àwọn ènìyàn lọ́kàn, orí ìtàn náà ni mo sì ti fẹ́ bá a jiyàn.

Ìtàn náà nìyí. Ìwọ tí ò ń kàwé jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, o bá ara rẹ lórí ibùsùn, ìwọ àti ọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn síra yín. Ọkùnrin náà ti dákú. Ọ̀gá ni nínú títa fayolíìnì, ohun èlò olókùn tí a lè fi wé gòjé tiwa, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká ayé. Onígòjé ni èmi yóò máa pè é. Kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Orin ti yẹ gbogbo ìwé àwọn dókítà wò, wọ́n sì rí i pé ìwọ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ bá tirẹ̀ mu. Ni wọ́n bá jí ọ gbé. Ní alẹ́ àná ni a so iṣan rẹ mọ́ tirẹ̀, kí kíndìnrín rẹ lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó ní ohun tí àwọn Ẹgbẹ́ náà ṣe sí ọ kò dára, bí òun bá ti mọ̀ ni, òun kì bá tí gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá tú ọ kúrò lára rẹ̀, Onígòjé yóò kú. Kí o fi ara balẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án péré ni, ara rẹ̀ yóò ti yá nígbà náà. Thomson wá kọjú sí ọ, ó bi ọ́ léèrè bóyá ọ̀ranyàn ni fún ọ láti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ ní yíyìn. Títí di ìgbà tí Thomson kọ̀wé, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì ń parí sí: ṣé ènìyàn ni ọlẹ̀ tí ó wà nínú aboyún, àbí kì í ṣe ènìyàn? Ẹni tí ó ní ènìyàn ni yóò ní ìpànìyàn ni oyún ṣíṣẹ́. Ẹni tí ó ní kì í ṣe ènìyàn yóò ní ẹ̀jẹ̀ dídì lásán ni. Kò sí ẹni tí ó lè borí ẹnì kejì, nítorí pé olúkúlùkù ti jókòó ti ìdáhùn tirẹ̀ kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Thomson kò bá wọn jà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ẹyin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oyún jẹ́ ènìyàn, kò sì fi pamọ́. Síbẹ̀ ó ní, ó dára, kí á gbà bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ ènìyàn láti ọjọ́ tí oyún ti dúró. Ènìyàn ni Onígòjé náà, kò sì sí ẹni tí ó jiyàn pé ó ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀tọ́ láti wà láàyè náà ni ẹ̀tọ́ láti máa lo kíndìnrín ẹlòmíràn? Èyí ni ibi tí àròkọ náà ti lágbára jù, èmi kò sì tí ì rí ẹni tí ó bì í ṣubú níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó ń ta ayò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ọmọ ayò fún ẹnì kejì, tí ó sì tún jẹ.

Ọgbọ́n ìkọ̀wé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ ìtàn ṣàkíyèsí. Kò sọ pé, “Obìnrin kan wà.” “Ìwọ” ni ó ń wí. Ọkùnrin tí ó ń kà á, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tàbí adájọ́, yóò bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn náà kí ó tó rántí pé òun kì í lóyún.

Àwọn tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ jagun sì ti gbàgbé pé obìnrin yìí ní ìwọ̀n. Ó ní bí ó bá jẹ́ wákàtí kan péré ni Onígòjé fẹ́ lò lára rẹ, ìwà tí kò bójú mu ni kí o kọ̀ ọ́. Ó ní bí obìnrin bá ti lóyún oṣù méje, tí ó wá fẹ́ ṣẹ́ ẹ nítorí kí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ rẹ̀ má baà yẹ̀, ìwà tí kò bójú mu ni ìyẹn náà. Ó tún ní ẹ̀tọ́ láti tú ara ẹni kúrò kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti rí i dájú pé ẹnì kejì kú: bí Onígòjé bá yè lẹ́yìn tí a tú u, o kò gbọdọ̀ fún un lọ́rùn. Ó sì mú ìtàn ará Samáríà rere inú Bíbélì wá, ó fi bi àwọn aṣòfin ilẹ̀ rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí òun ti wí, kò sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà tí òfin rẹ̀ fi dandan mú ọkùnrin láti ṣe oore kékeré kan fún ẹni tí ó ń kú lọ lójú ọ̀nà, nígbà tí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi dandan mú obìnrin láti ṣe oore oṣù mẹ́sàn-án. Mo gba èyí wọlé pátápátá.

Níbo wá ni mo ti yà á? Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé àlejò ni Onígòjé jẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ìyá rẹ̀. Thomson mọ̀ pé wọn yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé bàbá àti ìyá kò ní ojúṣe pàtàkì kan sí ọmọ àfi bí wọ́n bá ti gbà á, bí ẹni tí ó bímọ tí ó sì gbé e lọ sílé dípò kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbà á tọ́. Níhìn-ín ni àròkọ náà ti rọ jù. Ó sọ ìbátan di ìwé àdéhùn tí a ń fọwọ́ sí. Kò sí Yorùbá tí yóò ka ibẹ̀ tí kò ní dúró. Ta ni nínú wa tí ó fọwọ́ sí ìwé kí ó tó di ọmọ ìyá rẹ̀? Ta ni ó fọwọ́ sí ìwé kí ó tó di àbúrò ẹni tí a bí ṣáájú rẹ̀, tí a sì ń wá ilé rẹ̀ bọ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá dé? Ojúṣe ti bá wa nínú ilé kí á tó la ojú. Ìtàn kejì tí ó pa, níbi tí irúgbìn ènìyàn ti ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bí ìyẹ̀fun òdòdó, tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé, tí ó sì ń ta gbòǹgbò nínú kápẹ́ẹ̀tì, kò ràn án lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi dá ẹni tí oyún bá láìfẹ́ láre. Lójú tèmi, àlọ́ tí kò kan ènìyàn ni. A kì í sunkún fún kápẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n kọ Thomson sílẹ̀ nítorí ìbátan, ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni èmi kò sì lè bá wọn dúró. Wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n.” Ó dára. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó mú ojúṣe wá, ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ẹ̀jẹ̀ kò mọ sí ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó bá fi ìbátan di ẹrù lé obìnrin lórí, ó di dandan fún un láti wá gbogbo ìbátan yòókù jáde kí wọ́n wá fi orí gba ẹrù náà: ẹni tí ó fún un lóyún, ìyá onítọ̀hún, bàbá rẹ̀, gbogbo agbo ilé rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbátan ni a ń gbèjà.

Ẹ padà sínú yàrá ilé ìwòsàn ọ̀hún kí ẹ wò ó dáradára. Ta ni ó wà níbẹ̀? Ìwọ, Onígòjé, àti ọ̀gá àgbà. Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Orin dà? Àwọn ni wọ́n gbèrò, àwọn ni wọ́n jí ọ gbé, nítorí tiwọn ni gbogbo rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ojú ìwé tí wọ́n ti wọlé, ojú wa kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n mọ́. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n pé kí wọ́n wá san owó ilé ìwòsàn, tàbí kí wọ́n wá jókòó ti Onígòjé ní òru, tàbí kí wọ́n bọ́ ọmọ tí o fi sílẹ̀ nílé. Gbogbo ẹjọ́ náà di ti ẹni méjì tí a so mọ́ra, ẹni tí ó so wọ́n sì ti lọ síbi orin. Thomson kọ̀wé láti gbèjà obìnrin, síbẹ̀ ó gba ilé ẹjọ́ tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ kọ́, ilé ẹjọ́ tí àyè ẹni méjì péré wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó nínú yàrá kan níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ogójì ti ń jiyàn lórí àròkọ yìí. Wákàtí méjì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n sì sọ èyí tí ó pọ̀ jù, pẹ̀lú ohùn ńlá, lórí ẹ̀mí, lórí ẹ̀tọ́, lórí ohun tí Ọlọ́run fẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí á túká, ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí wọ́n jí i gbé ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lọ sílé ni?” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Olùdarí ìjíròrò ní ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè tí ó wà níwájú wa. Èmi rò pé òun gan-an ni.

Èdè Yorùbá kò jẹ́ kí á gbàgbé ìbéèrè náà kíákíá. Bí ọmọbìnrin bá lóyún nílé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò bi í ni pé, “Ta ni ó fún ọ lóyún?” Olùfúnni wà nínú gbólóhùn náà. A kì í wò ó bí àìsàn tí ó dédé bá ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò mú un lọ sí ilé ọmọkùnrin náà, àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta yóò sì tẹ̀lé e, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìdílé sí ìdílé ni. Níbẹ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ọmọkùnrin náà lè ṣe. Ó lè gba oyún náà, tàbí kí ó sẹ́ ẹ. Bí ó bá gbà á, ọ̀rọ̀ di ti ìyàwó tàbí ti ọmọ. Bí ó bá sẹ́ ẹ, ọmọbìnrin yóò padà sílé pẹ̀lú ìtìjú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé lẹ́yìn èyí ni yóò lọ ṣẹ́ ẹ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjèèjì. Sẹ́, ṣẹ́. Ohùn kan náà ni a fi ń pè wọ́n, òkè ni. Fáwẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n ní. Àmì kékeré abẹ́ s ni ó ya iṣẹ́ ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ obìnrin, bí ẹni tí ń fi ọwọ́ kọ̀wé bá sì kánjú, kò ní sí ìyàtọ̀ lójú ìwé. Mo mọ̀ pé àfijọ ìró lásán ni, kì í ṣe pé ọ̀kan bí èkejì. Ṣùgbọ́n nínú ìgbésí ayé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin, èkíní ni ó bí èkejì, èmi kò sì rí àròkọ kan nínú àwọn tí wọ́n gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tí ó fi èkíní ṣe orí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa òfin, ẹ jẹ́ kí á ṣí Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tiwa, èyí tí a jogún ní ìhà gúúsù. Abala 228 ní ẹnikẹ́ni tí ó bá fi oògùn tàbí agbára tàbí ohunkóhun gbìyànjú láti ba oyún obìnrin jẹ́ ní ọ̀nà tí kò bófin mu yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229 ní obìnrin tí ó ṣe é fún ara rẹ̀, tàbí tí ó gbà kí á ṣe é fún òun, yóò lọ ọdún 7. Abala 230 fi ọdún 3 sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fúnni ní ohun èlò tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ni a fẹ́ fi ṣe. Abala 297 yọ dókítà sílẹ̀ bí ó bá fi ọkàn rere àti ọgbọ́n iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí àti gba ẹ̀mí ìyá là. Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ṣùgbọ́n inú ìwé tí mo ń wí yìí ni ọ̀pọ̀ amòfin wa ti kọ́kọ́ mọ ọ̀ràn náà.

Bí a bá kà á bí a ti ń ka ìwé lítíréṣọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó yani lẹ́nu. Ó wà ní abala 228, ó wà ní 229, ó sì wà ní 230: ì báà jẹ́ pé obìnrin náà lóyún, ì báà jẹ́ pé kò lóyún. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pẹ́, tí ẹ̀rù bà á, tí ó mu àgbo láti fi ba oyún jẹ́, tí kò sì sí oyún kankan nínú rẹ̀, òfin yìí lè rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Amòfin yóò sọ fún mi pé nítorí kí ẹ̀rí lè rọrùn láti wá ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé èrò ibi ni òfin ń fìyà jẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tún sọ fún mi pé ọlẹ̀ ni òfin náà ń ṣọ́. A kì í ṣọ́ ohun tí kò sí. Abala 307 nínú ìwé kan náà sì ní ìgbà tí ọmọ bá ti jáde tán láàyè láti inú ìyá rẹ̀ ni ó tó di ẹni tí a lè ní wọ́n pa, nítorí náà òfin fúnra rẹ̀ kò pe oyún ṣíṣẹ́ ní ìpànìyàn, bí ó ti wù kí àwọn oníwàásù máa pè é.

Wàyí o, ẹ wá ọkùnrin nínú àwọn abala yìí. Bí ó bá fún ọmọbìnrin náà lówó láti lọ sọ́dọ̀ dókítà, tàbí tí ó bá a ra oògùn, òfin lè mú un, nítorí pé ẹni tí ó ranni lọ́wọ́ láti dá ọ̀ràn jẹ̀bi bí ẹni tí ó dá a. Bí ó bá sẹ́ oyún náà, tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin náà, tí ó sì sùn, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó kàn án. Ẹni tí ó dúró tì í wà nínú ewu. Ẹni tí ó sá wà ní àlàáfíà. Àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọn yóò tọ́ka sí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí abala 14 rẹ̀ fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ. Òfin rere ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí ni ó ń bá lò. Kò ràn ẹni tí ó lóyún oṣù méjì lọ́wọ́, tí ó ń ronú ohun tí yóò jẹ ní oṣù keje, àti ibi tí yóò sùn bí bàbá rẹ̀ bá lé e jáde.

Èsì kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ó ní: gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ni ó dé tí yóò fi jìyà nítorí pé ọkùnrin kan jẹ́ òpùrọ́? Don Marquis, ará Amẹ́ríkà náà, kọ àròkọ kan ní 1989 tí ó fi ẹsẹ̀ èsì yìí múlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ó ní ohun tí ó mú kí pípa ènìyàn burú ni pé ó gba ọjọ́ iwájú onítọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, ọlẹ̀ sì ní ọjọ́ iwájú bíi tiwa. Ẹni tí ó ti jókòó níbi tí a ti ń sunkún ọ̀dọ́ tí ó kú mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ohun tí kò ní ṣe mọ́ ni a máa ń kà nínú ẹkún náà, ilé tí kò ní kọ́, ọmọ tí kò ní bí. Èmi kò sọ pé ọlẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Èdè wa fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oyún, ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. A sì ní ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ tí ìyá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, nígbà tí ọlẹ̀ bá sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ka ọjọ́ náà sí tẹ́lẹ̀: òfin wọn ti 1803 fi ikú ṣe ìyà ẹni tí ó ba oyún jẹ́ lẹ́yìn tí ọlẹ̀ ti sọ, ó sì fi ìyà tí ó kéré sí i ṣe ti ẹni tí ó ṣe é ṣáájú. Ní 1837 ni wọ́n pa ìyàtọ̀ náà rẹ́, nígbà tí wọ́n sì tún òfin wọn kọ ní 1861, wọn kò dá a padà. Nǹkan kan sọnù níbẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ obìnrin nípa ara rẹ̀ ni ìyàtọ̀ yẹn dúró lé.

Síbẹ̀ Marquis kò dáhùn Thomson. Onígòjé náà ní ọjọ́ iwájú. Ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ náà ni ara rẹ. Ìdájọ́ tèmi ni pé ohun tí Marquis kọ tó láti mú kí ọkàn ènìyàn gbọgbẹ́ lórí oyún tí a ṣẹ́, àti láti mú kí obìnrin ro ó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò tó láti gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 nígbà tí ẹni tí ó sẹ́ oyún náà ń rìn kiri láàárín ìlú. Kò sì tó láti lé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń fi irin tí a kò sè ṣe iṣẹ́ dókítà nínú yàrá òkùnkùn. Ó yẹ kí àwa tí a wà ní yunifásítì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú owó tí wọ́n yá.

Ní ti àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní January 1973, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ Roe, ó fún obìnrin ní àyè láti ṣẹ́ oyún. Ní June 2022, nínú ẹjọ́ Dobbs, ilé ẹjọ́ kan náà yí i padà, ó dá ọ̀rọ̀ náà lé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Nínú ìdájọ́ méjèèjì, àwọn adájọ́ ń wú ìtàn òfin àtijọ́ jáde, wọ́n ń jiyàn lórí ọlẹ̀ tí ó sọ àti èyí tí kò sọ. Ní oṣù June yẹn kan náà ni ìjọba Èkó gbé ìwé ìlànà jáde fún àwọn dókítà lórí ìgbà tí òfin ti fi àyè gbà wọ́n láti yọ oyún láìléwu. Kò dá òfin tuntun kankan sílẹ̀. Ó kàn ń ṣàlàyé èyí tí ó ti wà ni. Ariwo sọ, àwọn olórí ẹ̀sìn sọ̀rọ̀, ìjọba sì dá ìwé náà dúró ní July. Nínú ariwo tí mo gbọ́ nígbà náà, wọ́n pe obìnrin lórúkọ, wọ́n pe dókítà lórúkọ, wọ́n sì pe ọlẹ̀ lórúkọ.

Bí ẹnìkan nínú Ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ túmọ̀ àròkọ Thomson sí Yorùbá, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnìkan ṣe é, fayolíìnì kọ́ ni yóò ṣòro fún un. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ẹ̀tọ́ yóò yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, nítorí pé ohun tí ó tọ́ àti ohun tí ó tọ́ sí mi wà pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí yóò ti ní láti dúró pẹ́ jù ni gbólóhùn tí ó sọ bí iṣan ẹni méjèèjì ti di sísopọ̀ ní alẹ́ àná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi àyè gbà á láti sọ ọ́ láìdárúkọ ẹni tí ó so ó, ó sì lo àyè náà. Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí mo ń kọ èyí, “a so iṣan rẹ mọ́ tirẹ̀” ni mo kọ lókè. Nígbà tí mo kà á sókè sí etí ara mi, kò dùn. Ta ni “a” yìí? Mo dá a lábàá fún atúmọ̀ náà pé kí ó kọ “wọ́n,” kí ó sì jẹ́ kí òǹkàwé bèèrè ẹni tí wọ́n jẹ́.